Fíólà, fáyólíìnì àti tíṣà yunifásítì: iṣẹ́ kan ni, kì í ṣe méjì

Bí ẹnì kan bá sọ ní Ìkòròdú níbí pé iṣẹ́ òun ni kóun máa ta fíólà, ohun èlò orin olókùn kan tó jọ fáyólíìnì, pé òun sì tún ń kọ́ wọn ní músíìkì ní yunifásítì, ẹ máa gbọ́ oríṣiríṣi. Àwọn kan á ní ṣé kì í ṣe fáyólíìnì yẹn náà ni. Àwọn kan á ní onítọ̀hún ò tíì ríṣẹ́ gidi ṣe ni. Àwọn tó gbà pé àwọn mọ̀ díẹ̀ nídìí ẹ̀ á ní ìgbà tí kò rọ́wọ́ mú níbi títa ló lọ di tíṣà. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ohun èlò olókùn lọ́jọ́ Sátidé ládùúgbò wa, ohun táwọn òbí sì máa ń bi mí jù nìyí, torí náà mo fẹ́ tú u palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀ lè rí nǹkan kà.

Ohun èlò yẹn gan-an ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Lójú, fíólà àti fáyólíìnì jọra débi pé ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn dáadáa ò ní mọ ìyàtọ̀: irú igi kan náà ni wọ́n fi gbẹ́ méjèèjì, abẹ́ àgbọ̀n ni wọ́n ń fi wọ́n sí, ọ̀pá onírun ẹṣin ni wọ́n fi ń ta wọ́n, okùn mẹ́rin mẹ́rin ló sì wà lára wọn. Àmọ́ ara fáyólíìnì àgbàlagbà ò ju nǹkan bí ínṣì 14 lọ, ti fíólà máa ń wà láàárín 15 sí 17, ọ̀pá ẹ̀ náà sì wúwo díẹ̀ jù ti fáyólíìnì lọ. Tẹ́ ẹ bá ka okùn láti orí èyí tó nípọn jù lọ sí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ti fáyólíìnì ni G, D, A, E, ti fíólà ni C, G, D, A. Ẹ rí i pé mẹ́ta bára mu nínú ẹ̀. Fíólà ò ní èyí tó ń dún fíín lókè yẹn, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀kan nísàlẹ̀ tí fáyólíìnì ò ní, okùn C, ibẹ̀ sì ni gbogbo adùn ẹ̀ wà lójú tèmi.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: fíólà kéré ju bó ṣe yẹ kó tóbi lọ. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ níwọ̀n tó bá ohùn ẹ̀ mu, bí ìwọ̀n fáyólíìnì ṣe bá ohùn tiẹ̀ mu, ara ẹ̀ nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínṣì 21, ta ló fẹ́ gbé ìyẹn sí èjìká tí ọwọ́ ẹ̀ á ṣì tó okùn? Ni wọ́n bá dín in kù. Ibi tí ohùn tó ki yẹn ti wá nìyẹn, ohùn tó ṣókùnkùn díẹ̀, tí kì í tàn yanran bíi ti fáyólíìnì, òun náà ló sì jẹ́ kó ṣòroó ta, torí okùn C kì í dáhùn wéré, o gbọ́dọ̀ fi ìwúwo apá mú un, mi ò ní agbára o, ìwúwo ni mo wí. Ẹni tó bá ń fi agbára tẹ̀ ẹ́, ariwo ló máa gbọ́, èjìká ẹ̀ á sì máa ro ó kọ́dún tó yípo. Ìdí sì tún nìyẹn tí kò fi sí ìwọ̀n kan pàtó tí gbogbo ayé fẹnu kò sí fún fíólà, oníkálùkù ló ń wá èyí tí ọwọ́ ẹ̀ gbé.

Àwọn tó wà ní kwáyà máa ń tètè lóye iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ mú hymn èyíkéyìí tí wọ́n kọ sí ohùn mẹ́rin, kẹ́ ẹ pín in fún àwọn olókùn: fáyólíìnì kìíní á gba soprano, fáyólíìnì kejì á gba alto, fíólà á gba tenor, ṣẹ́lò, olókùn ńlá tí wọ́n ń jókòó ta, á gba bass. Àwọn mẹ́rin yẹn ni wọ́n ń pè ní string quartet, wọ́n máa ń ta pọ̀ láìsí ẹni tó ń juwọ́ níwájú, bí fíólà ò bá sì sí níbẹ̀, kò pé nìyẹn. Ká tún wá wo ọkẹ́sírà ńlá: tó bá pé dáadáa, fáyólíìnì kìíní lè tó 16, èkejì 14, fíólà 12, ṣẹ́lò 10, báàsì, olókùn tó tóbi jù nínú wọn, 8. Àwọn 12 yẹn, owó oṣù ni wọ́n ń gbà. Jámánì nìkan ní ọkẹ́sírà tó lé ní 120 tó jẹ́ owó ìlú ló ń gbé wọn dúró, gbogbo ẹ̀ ló sì nílò àwọn tó ń ta fíólà. Torí náà ẹni tó bá ní iṣẹ́ òun ni fíólà ò purọ́ fún yín, ibi tí iṣẹ́ ọ̀hún pọ̀ sí ló jìnnà sí wa.

Òótọ́ ni pé wọ́n fojú kéré ẹ̀ nígbà kan. Quantz, ọ̀gá onífèrè kan ní Jámánì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1752 pé àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ ka fíólà sí, torí pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí ẹni tí kò lè dá yàtọ̀ nídìí fáyólíìnì ni wọ́n sábà máa ń ní kó lọ ta á. Àwọn òyìnbó ṣì ń fi ṣẹ̀fẹ̀ títí dòní. Àmọ́ àwọn tó mọ orin gan-an, àwọn gbajúmọ̀ tó kọ orin nílẹ̀ òyìnbó láyé ijọ́un, ò bá wọn dá sí i. Bach fẹ́ràn láti máa ta á, Mozart náà bẹ́ẹ̀, Beethoven ta á nínú ọkẹ́sírà nílùú Bonn nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, Dvořák ta á fọ́dún bíi mélòó kan ní Prague kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n sí ẹni ńlá. Kò yà mí lẹ́nu, torí ẹni tó jókòó sáàárín ló ń gbọ́ tòkè, tó ń gbọ́ tìsàlẹ̀, bí orin ṣe so kọ́ra gan-an, ojú ẹ̀ ló ṣe. Brandenburg Concerto kẹfà tí Bach kọ, kò fi fáyólíìnì kankan sí i rárá, fíólà méjì ló gbé síwájú. Tí ẹ bá sì gbọ́ apá kejì Symphony Karùn-ún ti Beethoven, orin tó fi bẹ̀rẹ̀ yẹn, fíólà àti ṣẹ́lò ló ń ta á.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ síbi tó máa ń dà àwọn èèyàn lójú rú jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ tíṣà. Èrò tó wà nílẹ̀ ni pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ta á lọ máa ta á, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tó á lọ máa kọ́ni. Tẹ́ ẹ bá wo àwọn tó sọ fíólà di nǹkan tí èèyàn lè dá dúró níwájú èrò kó sì ta, ẹ máa rí i pé tíṣà ni wọ́n. Lionel Tertis, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bí ní 1876, òun lẹni tó jà fún fíólà jù lọ láyé ìgbà yẹn, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní Royal Academy of Music ní London. William Primrose tí wọ́n bí nílùú Glasgow ní 1904, fáyólíìnì ló fi bẹ̀rẹ̀, ó yí sí fíólà, ó wọ ọkẹ́sírà NBC tí Toscanini ń darí ní Amẹ́ríkà ní 1937, òun ló ní kí Bartók, ọmọ Hungary tó ń kọ orin, kọ concerto fíólà fóun, ìyẹn orin tí fíólà kan á ti máa síwájú ọkẹ́sírà, Bartók kú ní 1945 láìtíì parí ẹ̀, ẹlòmíràn ló bá a parí ẹ̀ kí Primrose tó ta á níwájú èrò ní 1949. Ẹni yìí kan náà ló jókòó sí Indiana University, tó ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ti Paul Hindemith tún lágbára. Ọmọ Jámánì ni, ó ń kọ orin, ó ń ta fíólà, ó sì ń kọ́ni. Walton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ concerto kan fún fíólà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Tertis, Tertis dá a padà, Hindemith ló wá lọ ta á ní London ní 1929. Ní January 1936, ó tún lọ sí London láti lọ ta fíólà, ọba George Karùn-ún bá kú, wọ́n fagi lé kọ́nsáàtì. Hindemith jókòó láago mọ́kànlá àárọ̀, nígbà tó fi máa di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ó ti kọ orin arò kan fún fíólà àti ọkẹ́sírà olókùn, òun fúnra ẹ̀ ló sì ta á lórí rédíò BBC. Láti 1940 sí 1953, Yale ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bí wọ́n ṣe ń hun orin pọ̀. Ṣé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lẹ máa pè ní ẹni tí kò rọ́wọ́ mú?

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ò ṣòroó rí. Ọmọ Àyàn kì í ka ìwé kó tó mọ ìlù lù, ẹ̀gbẹ́ bàbá ẹ̀ ló máa jókòó sí, bàbá á lù ú, ọmọ á lù ú tẹ̀lé e, bó bá ṣì í bàbá á dá a dúró. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ fíólà náà nìyẹn, láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ti fi fíólà sílẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, kí ló fẹ́ fi han ọmọ? Torí náà nígbà tí yunifásítì bá gba ẹnì kan síṣẹ́ láti kọ́ fíólà, ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Wọ́n á ní kó wá ta odidi kọ́nsáàtì, ìyẹn recital, wọ́n á tún gbé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò rí rí síwájú ẹ̀ pé kó kọ́ ọ lójú gbogbo wọn. Tó bá fìdí rẹmi nínú ọ̀kan nínú méjèèjì, ó di ọjọ́ mìíràn.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí bí lẹ́sìnnì kan ṣe máa ń rí, torí ọ̀pọ̀ ń rò pé tíṣà máa dúró níwájú bọ́ọ̀dù, akẹ́kọ̀ọ́ igba níwájú ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì ló máa ń wà nínú yàrá, tíṣà kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan, fún wákàtí kan, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ká ní concerto Telemann tó wà ní G lọmọ yẹn gbé wá, ó wà lára àwọn concerto fíólà tó pẹ́ jù tí a mọ̀, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ fíólà tí kì í kọjá níbẹ̀. Ọmọ á ta ìlà kan péré, tíṣà á ní dúró. Ọ̀pá ẹ ti ń yọ̀ lọ síbi ọrùn, tún un gbé. Ọmọ á tún un ta. Ó tún ní dúró, wo àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ẹ, o ń fún ọrùn fíólà pọ̀, tú u sílẹ̀. Ó tún dé ibi nótì G kan tó jẹ́ ìka kẹta ló máa tẹ̀ ẹ́ lórí okùn D. Ibí yìí dáa gan-an: tí ìka bá bọ́ síbi tó yẹ gẹ́lẹ́, okùn G tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tẹ́nì kankan ò fọwọ́ kàn, á máa gbọ̀n fúnra ẹ̀, kódà èèyàn lè fojú rí i pé ó ń mì. Tí ìka bá fi bíńtín yà, okùn yẹn á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Tíṣà á ní kó pa ojú dé, kó wá ibẹ̀ fúnra ẹ̀, ó lè gbà wọ́n ní ogún ìṣẹ́jú lórí nótì ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà tíṣà á gbé fíólà tiẹ̀, á ta ìlà yẹn kọ́mọ gbọ́ bó ṣe yẹ kó dún. Bí ọwọ́ tíṣà ò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ibẹ̀ yẹn ni àṣírí á ti tú.

Irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lè tó 12 tàbí kó lé sí 18 lọ́wọ́ tíṣà kan nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ wá fi kíláàsì tó jẹ́ ti gbogbo àwọn oní-fíólà pa pọ̀ kún un, àti àwọn quartet tó ní kó máa tọ́ sọ́nà, àti ìdánwò ìparí sẹ́mísítà níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á ti dúró níwájú àwọn tíṣà mẹ́ta mẹ́rin á ta, wọ́n á sì fún un ní máàkì, àti ìrìn-àjò láti lọ wá àwọn ọmọ tuntun nílé-ẹ̀kọ́ girama kí kíláàsì má bàa gbẹ. Gbogbo ìyẹn lọ́wọ́ kan. Lọ́wọ́ kejì, ó ṣì gbọ́dọ̀ ta fíólà tiẹ̀, wákàtí mẹ́ta mẹ́rin lójúmọ́, torí ìka kì í dúró de ẹni tí kò bá ṣe pírátíìsì.

Wọ́n á tún béèrè pé kí ló wá ń fi ṣe ìwádìí, ṣebí yunifásítì ni. Ní Amẹ́ríkà, bí lẹ́kítọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń gbé ìwádìí jáde, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ka kọ́nsáàtì, rẹ́kọ́ọ̀dù àti ìpè láti wá ta níbi pàtàkì fún ẹni tó ń ta ohun èlò. Wọ́n á gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí assistant professor, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́fà wọ́n á kó gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ jọ, wọ́n á fi ránṣẹ́ sáwọn àgbà níbòmíràn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n bá gbà pé ó yege, iṣẹ́ ẹ̀ ti dúró, ó ṣòro kí wọ́n tó lé e mọ́. Tí wọn ò bá gbà, ó di dandan kó máa lọ. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ iye wákàtí tí wọ́n bá kọ́ni nìkan ni wọ́n ń san owó ẹ̀ fún wọn, wọ́n lè máa sáré láàárín ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, ìyẹn ò dẹrùn rárá, ó yẹ káwọn òbí tó rò pé òkèèrè dùn láìní wàhálà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí èèyàn ṣe ń débẹ̀ náà gùn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ti kékeré bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáyólíìnì, torí ọwọ́ ọmọdé ò tíì gba fíólà, tí apá bá wá gùn tán ní bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá mẹ́rìnlá ni wọ́n á yí padà. Lẹ́yìn náà ni dígírì ọdún mẹ́rin, ti másítà ọdún méjì, àwọn tó bá fẹ́ kọ́ni ní yunifásítì á tún fi dókítà orin lé e. Láàárín ẹ̀ ni wọ́n á máa lọ sí ọ́díṣọ̀n ọkẹ́sírà. Ọ́díṣọ̀n yẹn lẹ́rù o, àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lè wá nítorí àga kan ṣoṣo, ní Amẹ́ríkà wọ́n á sì ta aṣọ sáàárín àwọn tó ń gbọ́ àti ẹni tó ń ta, kí wọ́n má bàa mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, dúdú ni tàbí funfun. Àwọn ìlà orin tó le ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n ta, bíi Don Juan ti Strauss. Ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á ní ẹ ṣé, ó parí. Mo fẹ́ràn aṣọ yẹn, etí nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Lẹ́kítọ̀ músíìkì tó ń ta ohun èlò, a ní wọn, ọjọ́ pẹ́. Fela Sowande tí wọ́n bí ní 1905, ọ̀gá dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó kọ African Suite fún ọkẹ́sírà olókùn ní 1944, tó túmọ̀ sí pé fíólà ní ìlà tiẹ̀ níbẹ̀, ẹ wá Akinla tó kẹ́yìn nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́, ẹ tẹ́tí sí ohun tó ń lọ láàárín. Sowande náà kọ́ni ní Howard àti ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Ayọ̀ Bánkọ́lé ń tẹ dùùrù, ó ń kọ orin, ó sì jẹ́ lẹ́kítọ̀ ní UNILAG kó tó kú ní 1976. Akin Euba tí wọ́n bí ní Lagos ní 1935, tó kú ní 2020, ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Pittsburgh, pianó sì ni tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé àwọn yìí ò ríṣẹ́ ṣe.

Àmọ́ bí yunifásítì tiwa ṣe ń gbéni ga yàtọ̀. Graduate Assistant ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ó di Assistant Lecturer, Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, kó tó di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tí wọ́n sì ń kà jù láti gbé èèyàn láti ìpele kan sí òmíràn ni àpilẹ̀kọ tó bá gbé jáde. Ẹni tó lè ta fíólà kí gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ jókòó kọ̀wé lórí orin ṣọ́ọ̀ṣì, orin ìbílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní músíìkì, àti irú ẹ̀. Mi ò sọ pé ìwé ò dáa, ó yẹ kẹ́nì kan kọ nípa orin wa. Ohun tó ń dùn mí ni pé kọ́nsáàtì tí onítọ̀hún fi oṣù mẹ́ta múra sílẹ̀ fún kì í sábàá ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú àpilẹ̀kọ kan lójú àwọn tó ń gbéni ga, ohun tó sì máa ń tẹ̀yìn ẹ̀ yọ ni pé lẹ́kítọ̀ á rọra gbé ohun èlò sílẹ̀, nígbà tó bá fi di ọ̀jọ̀gbọ́n, ìka ti le. Tẹ́ ẹ bá wá fi ìyanṣẹ́lódì kún un, bíi ti 2022 tó gba oṣù mẹ́jọ tí owó oṣù ò wọlé, ẹ máa mọ ìdí tí púpọ̀ nínú wọn fi ń ta níbi ìgbéyàwó àti ìsìn ìdúpẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe àbùkù. Àwọn tó wà ní London náà ń ta níbi ìgbéyàwó.

Fún ọmọ Ìkòròdú tó bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí, ibi tó ṣeé gbà nìyí. Yunifásítì wà nílẹ̀ wa níbí, LASUSTECH, ìyẹn yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti tẹknọ́lọ́jì ti Ìpínlẹ̀ Èkó, àmọ́ orúkọ ẹ̀ ti sọ ohun tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Fún dígírì músíìkì, LASU wà ní Ọ̀jọ́, UNILAG wà ní Akọkà, OAU wà ní Ifẹ̀, Nsukka náà sì ti wà nídìí ẹ̀ láti bí 1961. Músíìkì wà lára ohun téèyàn lè yàn ní JAMB, kí wọ́n lọ wo ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè kí wọ́n tó gba fọ́ọ̀mù, torí ó yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá jẹ́ pé títa gan-an ló wù ú, ilé-ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Oníkan ni mo kọ́kọ́ máa ń dárúkọ, láti 1989 ló ti wà, díplómà ni wọ́n ń fúnni, MTN Foundation sì ti ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díplómà níbẹ̀ ní sikọ́láṣípù. Láti ibí, BRT tó ń lọ TBS á já yín sẹ́bàá ibẹ̀, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn ín parí, àwọn tí kò lè fara da Mile 12 láàárọ̀ sì lè wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté. Nílé, kí ọmọ máa ṣe ìdánwò ABRSM, ìdánwò orin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Grade 1 lọ sókè dé 8, ìwé yẹn làwọn ilé-ẹ̀kọ́ òkèèrè mọ̀.

Ẹ má ra fíólà àgbàlagbà fọ́mọ ọdún mẹ́jọ o. Fáyólíìnì kékeré ni kẹ́ ẹ rà, tó bá jẹ́ pé fíólà ló ń wù ú dandan, wọ́n lè bá yín fi okùn fíólà sí i lára. Ohun tí ọmọ á tún yára kọ́ ni àmì tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà orin fíólà, tó yàtọ̀ sí ti fáyólíìnì: C àárín dùùrù wà lórí ìlà kẹta gan-an, kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó máa fi mọ́ ọn lójú. Lẹ́yìn náà ni ìtọ́jú. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi so ara fíólà pọ̀, awọ ẹran ni wọ́n fi sè é, ooru máa ń tú u. Ọmọ kan fi tiẹ̀ sílẹ̀ sínú búùtù mọ́tò nínú oòrùn ọ̀sán, ìgbà tí wọ́n ṣí i, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti là láti ìdí dé ìbàdí, owó kọ́ìnì lè bọ́ síbẹ̀. Ọ̀sà wà nítòsí wa níbí, tí ọ̀rinrin bá pọ̀ lásìkò òjò, èèkàn tí wọ́n fi ń fa okùn máa ń le kọ̀ láti yí, tí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á súnkì, okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á tú lóru, ẹ má bẹ̀rù, kò bà jẹ́, ẹ kàn tún un fà díẹ̀díẹ̀.

Ìyá ọmọ kan ní kwáyà bi mí lójú gbogbo èrò pé, “Bọ̀dá tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sòótọ́ fún mi, ṣé á rí jẹ nídìí ẹ̀?” Mo ní, “Mọ́mì, bó bá jẹ́ pé ọkẹ́sírà tó ń sanwó oṣù nìkan lẹ ń rò, ẹ̀yin náà mọ̀ pé a ò fi bẹ́ẹ̀ ní i nílẹ̀ yìí. Ohun tó máa jẹ ẹ́ á wá láti ibi púpọ̀: ọmọ tó ń kọ́, ìgbéyàwó, àwọn olórin tó fẹ́ olókùn ní stúdíò, ilé-ẹ̀kọ́ àdáni tó fẹ́ tíṣà músíìkì, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ yunifásítì.” Wọ́n ní ìyẹn pọ̀. Mo ní ó pọ̀ lóòótọ́ mà, àmọ́ ohun kan náà ló ń ṣe níbi gbogbo. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ta ló máa wá kọ́ ọ dáadáa?”

Ìbéèrè tó yẹ gan-an nìyẹn, ohun tí mo sì sọ fún wọn ni mo máa sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má kọ́kọ́ béèrè sátífíkéètì. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún tíṣà kankan, ẹ ní kó gbé ohun èlò ẹ̀ jáde, kó ta nǹkan fún yín níbẹ̀ yẹn, kó sì kọ́ ọmọ yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú yín. Tó bá ní òun ò gbé e wá, ẹ ní kó lọ gbé e wá.